Ẹrù Tó Ń Rìn Wálé Nínú Ẹsẹ̀

Ẹ má béèrè ọdún lọ́wọ́ mi, èmi kò kàwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún tí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún, ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá wà ní Èkó nígbà náà kò lè gbàgbé. A sùn, a jí, ọ̀nà ti yí padà. Ìyá mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Múṣín, wọ́n wo òsì, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n tún wo òkè bí ẹni pé ọkọ̀ lè já bọ́ láti ibẹ̀ náà, wọ́n ní ọjà di ọ̀la. Èmi ni mo dì wọ́n lọ́wọ́ mú kọjá. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Ó kàn jẹ́ pé inú ẹsẹ̀ eku ni títì tèmi wà.

Fàrídà, ọmọ Kúdíràtù àkọ́bí mi, ló ń bá mi kọ ọ́. Yábàá ló ń gbé, iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń pààrọ̀ iṣẹ́ bí ẹni ń pààrọ̀ bàtà. N kò bá wọn wí o. Bàtà tó bá ń ta ni lẹ́sẹ̀, bíbọ́ là ń bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ bí ènìyàn ṣe ń jókòó ti iṣẹ́ kan títí irun á fi funfun, kí ẹni tó ń ro ohun tí yóò fi ayé rẹ̀ ṣe lè gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ó dáa. Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má bá mi tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lápá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ àgò eku. Àwọn tó dé ṣáájú mi sá nígbà tí wọ́n rí eku. Èmi kò sá, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù ń wọlé, a ń jẹun. Ó parí.

Eku náà kì í ṣe eku ilé tí ẹ mọ̀. Funfun báláú ni wọ́n, ojú wọn pupa, wọ́n sì mọ́ ju ọmọ ẹlòmíràn lọ. Mò ń fún wọn lóúnjẹ, mò ń pààrọ̀ lẹ́búlẹ́bú pákó tí wọ́n ń sùn lé, èyí tí a máa ń kó wá láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú ní Makoko. Mo sì máa ń bá wọn sọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ ohùn rẹ lójoojúmọ́ kì í bù ọ́ jẹ. Nílé ọkọ mi, Ìyá Eku ni wọ́n sọ mí. N kò bínú. Orúkọ tí a bá fi ẹ̀rín sọ ni kì í jẹ́ kí a gbàgbé ẹni.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ mi yí padà, irun ni mò ń dì. Ìsinmi ọ̀sán ni, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mò ń fi òwú di irun fún obìnrin kan tí a jọ ń gbálẹ̀. Ọ̀gá Bámgbóyè ń kọjá lọ. Àwọn ni olórí yàrá tí wọ́n ti ń gé ẹran ara wẹ́wẹ́ fún awò, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn dókítà ń fi ojú sí, tó ń sọ ohun kíún di ńlá. Ọkùnrin kúkúrú ni wọ́n, aṣọ funfun ọrùn wọn máa ń le gbagidi bí pákó, wọn kì í sì í rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán. Wọ́n dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo ìlà irun náà láti iwájú orí dé ìpàkọ́.

Wọ́n ní, “Ọwọ́ rẹ kì í gbọ̀n?”

Mo ní, “Kì í gbọ̀n, sà.”

“Bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ yẹn sílé kí o tó wá sọ́dọ̀ mi lọ́la.”

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ má rò pé wọ́n gbé ọ̀bẹ fún mi lọ́jọ́ kejì o. Ọ̀bẹ iṣẹ́ wa gùn tó apá ọmọdé, ó wúwo, a sì ní láti máa pọ́n ọn lórí òkúta olóròóró, kí a tó wá fi awọ nù ún. Pípọ́n yìí nìkan ni mo fi òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan kọ́. Ọ̀gá á fa irun àgbọ̀n ara wọn kan tu, wọ́n á fi kan ẹnu ọ̀bẹ. Bí irun náà bá tẹ̀, wọ́n á da ọ̀bẹ padà fún mi láìsọ ohun kan. Bí ó bá já, wọ́n á da ọ̀bẹ padà náà, wọ́n á ní kí n pọ́n òdì kejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní kí n máa ra ẹ̀kọ tútù wá láti ìta. Mo rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Àṣé ẹ̀kọ ni màá fi kọ́ gígé. Mo ń gé ẹ̀kọ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, Ọ̀gá ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú fèrèsé. Bí wọn kò bá rí igi máńgòrò ìta láti inú rẹ̀, wọ́n á gbé e padà sínú àwo mi.

“Sàdíátù, ti ẹnu nìyí, kì í ṣe ti awò.”

Mo jẹ ẹ̀kọ lọ́dún náà débi pé ọkọ mi, Bàbá Kúdí, béèrè bóyá ilé ẹlẹ́kọ ni mo ń lọ ṣiṣẹ́. Nínú yàrá Ọ̀gá, a kì í sọ̀rọ̀ tí ọ̀bẹ bá ń rìn. A kì í rẹ́rìn-ín. A kì í wọ bàtà ìta wọlé, bàtà rọ́bà kan wà lẹ́nu ilẹ̀kùn tí gbogbo wa ń wọ̀. Bí mo bá mí gbùù, wọ́n á ní èémí mi ti ba èyí jẹ́, kí n gé òmíràn. Inú máa ń bí mi, mo sì máa ń lọ ṣàròyé fún àwọn eku. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ̀sọ̀ pa èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń pa á lówe. Ní tiwa, iṣẹ́ òòjọ́ wa gan-an nìyẹn. Ọjọ́ tí Ọ̀gá wá gbé pelebe ẹ̀kọ kan sójú fèrèsé, wọ́n dúró pẹ́. Wọ́n ní, “Máńgòrò yìí ti ń pọ́n o.” Wọn kò yìn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ láéláé, ó sì tó mi.

Báyìí ni a wà, títí Dókítà Fọláṣadé fi dé. Ọmọdébìnrin tí kò tó mi lọ́jọ́ orí ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ẹ̀pà sì máa ń wà nínú àpò rẹ̀. Ohun tó ń wá yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ẹran ara, tí wọ́n ń pè ní nááfù. Kì í ṣe èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Òun ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀gún gún òun, òun náà ló sì ń sọ fún ẹsẹ̀ pé kó gbéra. Mo bi í pé kí ló wà nínú okùn yìí tí ó fi ń fi gbogbo ọjọ́ wò ó. Ó da ẹ̀pà sọ́wọ́ mi, ó jókòó sórí àpótí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

Ó ní inú egungun ẹ̀yìn ni ilé okùn náà wà, nínú mùdùnmúdùn tó wà níbẹ̀. Hóró kékeré kan ló jókòó síbẹ̀ bí ìyá ilé, ó wá na ọwọ́ kan ṣoṣo tó gùn jàn-ànràn-jan-anran títí dé ìka ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ náà ń lò, ilé ni wọ́n ti ń ṣe é. Nítorí náà àwọn alárù wà nínú okùn náà tí wọ́n ń ru ẹrù lọ sísàlẹ̀. Àwọn alárù mìíràn sì wà tó jẹ́ pé bíbọ̀ wálé nìkan ni iṣẹ́ tiwọn. Wọ́n ń ru ohun tó ti gbó bọ̀ kí ilé tún un ṣe, wọ́n sì ń ru ìròyìn bọ̀. Ojú irin kan náà ni àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ ń tọ̀, ṣùgbọ́n aláàlọ kì í ṣe iṣẹ́ alábọ̀.

Mo ní ìròyìn wo ni ẹsẹ̀ lè ní. Ó ní ìròyìn pé òun wà, pé iṣẹ́ ń lọ. Ó ní bí hóró ilé kò bá gbọ́ nǹkan kan láti ìsàlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rù, kó sì kú. Mo ní ìyá ni hóró yìí lóòótọ́.

Àwọn alábọ̀ yìí ni Dókítà ń ṣọ́. Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Yóò fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fi aró díẹ̀ sínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun eku. Eku á padà sínú àgò rẹ̀, á máa jẹun, á máa sáré kiri. A ó dúró. Nígbà tí àkókò bá tó, a ó fún eku náà lóògùn oorun tí kì í jí mọ́; mo máa ń kí i kó tó sùn. Dókítà á yọ mùdùnmúdùn ẹ̀yìn rẹ̀, a ó jẹ́ kó dì bíi yìnyín nínú fìrísà, èmi á gé e, a ó sì tẹ́ ẹ sórí gíláàsì. Ẹsẹ̀ ni a fi aró sí, ṣùgbọ́n inú ẹ̀yìn ni a ó ti bá a, nínú hóró tó ni okùn náà, tí hóró náà á dúró dúdú láàárín àwọn ará ilé rẹ̀ bí ẹni tó wọ àdìrẹ lọ sáàárín àwọn aláṣọ funfun.

Dídúró yẹn ni ẹ̀kọ́ tó le jù. Dókítà ọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa kánjú ṣí eku tirẹ̀. Kò bá aró lẹ́sẹ̀, kò bá a lẹ́yìn. Ó ní aró náà kò dára. Ọ̀gá Bámgbóyè kò gbójú sókè kúrò lára ọ̀bẹ wọn. Wọ́n ní, “Aró rẹ dára. Ó wà lọ́nà.”

Dókítà Fọláṣadé náà sọ ohun kan nígbà yẹn, ẹ̀pà ló ń jẹ tó fi ń sọ ọ́. Ó ní ọ̀nà yìí kì í bi ẹrù pé irú kí ni ọ́. Ó ní olè lè fò mọ́ ẹrù àwọn alárù yẹn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń ṣe ajá dìgbòlugi ṣe ń gba ojú ibi tó ti buni jẹ wọ inú okùn, tí á máa gun alárù bọ̀ wálé, títí dé orí. Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rí i. Mo gbé gíláàsì mi, mo lọ fọ̀ ọ́.

Ó tó ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, aró tuntun ti dé, èyí tó ń tàn bí iná nínú òkùnkùn lábẹ́ awò, nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wá bá mi nílé.

Ilé ńlá ni ilé ọkọ mi ní Múṣín. Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé e. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ìyàwó kì í gbé ohùn sókè sí ọmọ ilé, áḿbọ̀sì ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Àǹtí Rísì. Ẹ́ńjìnì àlòkù ni wọ́n ń tà ní Ládìpọ̀, láàárín àwọn ọkùnrin, kò sì sí ọkùnrin ibẹ̀ tó lè bá wọn du ọ̀rọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Múlíkà. Ọmọ náà gbọ́n, ó lẹ́nu, gbogbo wa ló fẹ́ràn rẹ̀.

Mo lọ tọ́jú ìyá mi, tí wọ́n ti padà sí Abẹ́òkúta, tí ara wọn kò yá. Ọjọ́ tí mo dé, mo bá wọn tí wọ́n ń dín àkàrà ní àgbàlá, àkàrà sàráà. Mo ní sàráà kí ni. Wọ́n ní a ń dúpẹ́ lórí Múlíkà ni. Ajá kan ní Ládìpọ̀ ló bù ú jẹ nígbà tó gbé oúnjẹ lọ fún ìyá rẹ̀. Àwọn ará ọjà ti ṣe ohun tí gbogbo wa mọ̀: wọ́n gé irun ajá náà, wọ́n sun ún, wọ́n pò ó mọ́ epo pupa, wọ́n fi ra ojú egbò. Egbò sì ti jinná. Múlíkà sáré wá, ó gbé ẹsẹ̀ sókè kí n wò ó. Ẹ̀yìn ojúgun ni. Àpá kékeré, ó ti gbẹ, ó mọ́ roro.

Mo bi wọ́n léèrè ajá náà. Ọmọ iṣẹ́ Àǹtí Rísì kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ajá ti kú, pé ó ń da itọ́ lẹ́nu, ó ń gé táyà jẹ, kò lè gbé omi mì, ó sì ṣubú. Ó ní àgídí Múlíkà ló pa á. Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín, Múlíkà náà rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn pé òun pa ajá.

Mo rántí ọ̀rọ̀ Dókítà, mo gbé àwo àkàrà ọwọ́ mi sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ ti Àǹtí Rísì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká gbé Múlíkà lọ gba abẹ́rẹ́.”

“Abẹ́rẹ́ kí ni? Fún egbò tó ti jinná?”

“Egbò ló jinná, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ìyàwó, ṣé eku ni Múlíkà ni? Abẹ́rẹ́ eku yín ni ẹ tún fẹ́ wá gún ọmọ mi?”

Àwọn tó wà níbẹ̀ tún rẹ́rìn-ín. Bí mo bá tún sọ̀rọ̀, yóò di pé ìyàwó ń ṣépè fún ọmọ ilé lọ́jọ́ sàráà. Mo dìde. Mo wọ yàrá lọ bá ọkọ mi, mo sì ṣàlàyé gbogbo ohun tí Dókítà sọ. Bàbá Kúdí rọra gbọ́ ọ dópin. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn kì í gba ohun tí wọ́n bá gbọ́, ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń gbà. Kí n mú wọn lọ síbi tí wọn yóò ti rí i.

Ní òwúrọ̀, mo tún kúnlẹ̀. N kò dárúkọ abẹ́rẹ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń fi eku mi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wá wò wọ́n lónìí. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní ó dáa, àwọn náà fẹ́ mọ ohun tí mò ń jẹ níbẹ̀ tí ara mi fi ń dán.

Ọ̀gá Bámgbóyè ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo ọwọ́ Àǹtí Rísì tí góòlù kún dé ìgúnpá. Wọ́n ní, “Ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ yín, màmá. Bàtà náà.” Mo di ojú, mo ń retí ìjà. Láyé mi n kò rí ẹni tó pàṣẹ fún Àǹtí Rísì rí. Wọ́n bọ́ ẹ̀gbà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ rọ́bà.

Bí wọ́n ti ń bọ́ ẹ̀gbà, mo ti yọ́ wọlé sọ ọ̀rọ̀ náà fún Dókítà Fọláṣadé. Kò jẹ ẹ̀pà lọ́jọ́ náà. Ó pa iná yàrá, ó ní kí Àǹtí Rísì fi ojú sí awò. Wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n rí ni òkùnkùn, àti nínú òkùnkùn náà, àwọn hóró kan tó ń tàn bí fìtílà ojú fèrèsé ní àdúgbò tí kò síná. Wọ́n ní kí ni ó ń tàn. Dókítà ní aró ni, inú ẹ̀yìn eku ló wà. Wọ́n ní ta ló gbé e síbẹ̀. Dókítà ní kò sẹ́ni tó gbé e síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni a fi í sí, ó gba inú okùn ara rìn wálé fúnra rẹ̀.

Mo tan iná, mo gbé eku mìíràn wá láti inú àgò, èyí tí ó ṣì ń dúró de àkókò. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n yí ẹsẹ̀ eku náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí ojú abẹ́rẹ́. Kò sí àpá. Eku ń jẹ àgbàdo lọ ní tirẹ̀.

Wọ́n ní, “Èyí náà, ibo ni aró tirẹ̀ wà?”

Dókítà ní, “Ó wà lọ́nà, màmá. Ó ti kúrò níbi tí a fi í sí, kò sì tíì délé.”

Àǹtí Rísì dá eku náà padà sí mi lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọjà ni wọ́n ń rò, nítorí pé ọjà ni wọ́n fi ń ro ohun gbogbo. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi ẹ́ńjìnì sọ́kọ̀ ní Jíbówú fún àwọn oníbàárà wọn lókè ọya. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

“Bí ẹrù Jíbówú ni. Ìsọ̀ mi ti ṣófo, oníbàárà kò tíì rí nǹkan kan. Ẹni tó bá wo ìsọ̀ mi yóò ní mi ò lẹ́rù mọ́. Ẹrù sì ń lọ.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, màmá.”

“Ti Múlíkà, bí ó bá dé ibi tó ń lọ ńkọ́?”

Dókítà ní, “Bí ó bá dé, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ọ̀nà ni abẹ́rẹ́ ti gbọ́dọ̀ ká a mọ́.”

Àǹtí Rísì gbé ẹ̀gbà wọn, wọn kò wọ̀ ọ́. Wọ́n ní, “Ìyàwó, kí lo ṣì ń dúró ṣe?” Wọ́n ti wà níta. Bàtà rọ́bà yàrá wa ni wọ́n wọ̀ sáré lọ, tiwọn tó jẹ́ awọ gidi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn wa. Ọ̀gá pè wọ́n nítorí rọ́bà náà. Wọn kò gbọ́.

A lọ gbé Múlíkà nílé. Ní ilé-ìwòsàn, wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú àpá náà dáadáa. Wọ́n gún Múlíkà lápá, wọ́n tún gún un yí àpá ká, wọ́n sì dá ọjọ́ tí yóò máa padà wá gba ìyókù. Múlíkà sunkún, ó sì bú mi, Ìyá Eku tó fẹ́ pa òun. Mo ní kó máa bú mi lọ. Ẹni tó ń búni ń mí.

Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí n kò ṣe rí nídìí eku. A ti gba abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n a ti pẹ́ ká tó gbà á, kò sì sẹ́ni tó lè bá wa sọ bí ẹrù náà ti rìn jìnnà tó. Dókítà ti ní kí a ṣọ́ ọ bóyá omi yóò máa bà á lẹ́rù, nítorí àmì àìsàn náà nìyẹn. Gbogbo ilé wá ń ṣọ́ Múlíkà àti omi. Bí ó bá gbé kọ́ọ̀bù, gbogbo ojú á yí sí i. Bí ó bá mu ún tán, a ó ṣe àlùwàlá, a ó dúpẹ́. Mo ti sọ fún yín pé ọmọ náà gbọ́n. Kò pẹ́ tó fi mọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Rísì gbé omi fún un, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “Omi kò wù mí.” Àǹtí Rísì ké pe orúkọ Ọlọ́run. Mo sáré gba kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí a ń wo ara wa, Múlíkà ní ṣùgbọ́n bí mínírà tútù bá wà, òun lè gbìyànjú. Wọ́n sáré ra mínírà wá. Ó mu ún dé ìdí ìgò. Ọjọ́ kejì, omi kò wù ú. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Àǹtí Rísì ń ra mínírà, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ti ń rù.

Èmi ni mo kọ́kọ́ fura, nítorí ẹni tó ń bẹ̀rù omi kì í mu mínírà bẹ́ẹ̀. Mo pe Àǹtí Rísì sẹ́yìn ilé ìdáná, mo fi ìka sí ẹnu pé kí wọ́n rọra. Múlíkà ló ti orí bọ àmù omi, tó ń mu omi gbàgbàgbà bíi màlúù tó dé odò. Mo rò pé pàṣán ni yóò kàn. Àǹtí Rísì dì í mú láti ẹ̀yìn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

“Mu ún. Ọmọ burúkú, mu gbogbo rẹ̀. Mu àmù náà mọ́ ọn.”

Oṣù ń kọjá lórí oṣù. Ọjọ́ tí Dókítà Fọláṣadé ní kí a lọ sùn, pé ó ti parí, Àǹtí Rísì wá sí yàrá wa láti dúpẹ́. Wọ́n gbé agbọ̀n ọsàn wá fún Ọ̀gá. Wọn kò gbé bàtà rọ́bà náà wá o. Títí wọ́n fi darúgbó, òun ni wọ́n ń wọ̀ kiri ilé. Ọ̀gá kò gbà á padà, wọn kò sì yé bi mí léèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó fi Ìyá Eku ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ nílé wa. Wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń kúnlẹ̀ tí wọ́n bá ń pè é.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun èlò ń yí padà lójú mi. Abẹ tuntun dé, pẹlẹbẹ bíi ti ìfárùngbọ̀n, a lò ó tán a jù ú nù, pípọ́n ti parí. Ẹ̀rọ gígé tó ń tutù fúnra rẹ̀ dé. Ọjọ́ tí Ọ̀gá Bámgbóyè fẹ̀yìn tì, wọ́n fi awọ wé ọ̀bẹ àtijọ́ náà, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wà nínú àpótí mi báyìí. Kúdí fi gé àlùbọ́sà lẹ́ẹ̀kan, ó mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Kí èmi náà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀dọ́ kan pè mí sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní Màmá, ẹ wá wo iṣẹ́ yín. Hóró tó wà láàyè ni wọ́n gbìn sínú àwo gíláàsì, okùn rẹ̀ nà gbọọrọ. Nínú okùn náà, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń rìn bọ̀ wálé. Ó rìn, ó dúró, ó fà sẹ́yìn díẹ̀ bí alárù tó yà fún kòtò, ó tún gbéra. Láti ọdún tí mo ti ń gé e, òkú ọ̀nà ni mo ń rí; ẹrù tó ti dé, ẹrù tí kò tíì dé. N kò rí alárù lórí ìrìn rí. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí pé Ọ̀gá kò rí i. Wọn ì bá ti ní kí n má mí sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ohun tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, n kò lè yan iṣẹ́ fún yín. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ibi tí mo ti ń gé ẹ̀kọ fún Ọ̀gá, tí mo ń kùn, n kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Múlíkà ni ọ̀nà náà ń lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ yóò ṣófo, ojú kò ní rí nǹkan kan, wàá rò pé asán ni. Ó wà lọ́nà ni.

Àǹtí Rísì ti lọ sinmi. Múlíkà ló wà ní ìsọ̀ ẹ́ńjìnì ní Ládìpọ̀ báyìí, ó sanra, ẹnu rẹ̀ kò sì dín kù. Ó máa ń yà kí mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí ó bá ti jókòó, kí ó tó kí mi tán, mo ti bu omi tútù fún un. Ó máa ń gbé kọ́ọ̀bù sókè, á mọ̀ọ́mọ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní mínírà ńkọ́. Lẹ́yìn náà á mu ún. Èmi á tẹjú mọ́ ọn títí kọ́ọ̀bù á fi gbẹ.

Àwọn ọmọ mi kò fẹ́ràn wíwò yìí. Kúdí ní kò dára kí àgbàlagbà máa wo ẹnu àlejò, pé Màmá, ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá. Mo sọ fún un, mo sì sọ fún àwọn àbúrò rẹ̀, kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá kan wà tí kì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ mi títí wọ́n á fi gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí n wò ó. Iṣẹ́ ayé mi ló ń mu omi yẹn.”